Ọ̀rọ̀ Ti Kúrò Lẹ́nu, Kò Tíì Dé Etí: Ibi Tí Ohun Tí A Tẹ̀ Sínú Kọ̀ǹpútà Ti Ń Dúró

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ ní Ọjọ́ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, Custom, Màídúgùrì

ÌFÁÀRÀ

  

Ẹ̀yin ará mi, ọdún 1964 ni ojú irin dé Màídúgùrì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ló bá ọkọ̀ ojú irin wọ ìlú yìí, tí wọ́n ń tajà, tí wọ́n ń ránṣọ, tí wọ́n ń tún ọkọ̀ ṣe. Iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn mọ̀ ni wọ́n fi tọ́ wa. Ní ọdún 1964 yẹn kan náà, ní oṣù karùn-ún, àwọn olùkọ́ méjì ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà, John Kemeny àti Thomas Kurtz, gbé èdè kan jáde tí akẹ́kọ̀ọ́ lásán lè fi pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. BASIC ni wọ́n pè é. Èdè yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà fi mú àwọn ọmọ wa mọ ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá. Àwọn tó wọ yunifásítì bá èdè C pàdé, àwọn mìíràn sì ń fi fóònù kọ́ èdè Python nílé. Iṣẹ́ ọwọ́ ìgbà tiwọn nìyẹn. Bí àwọn bàbá wa ti mọ ìrìn abẹ́rẹ́ lára aṣọ, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ ìrìn ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ.

ÌDÍ TÍ MO FI MÚ ORÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

Ọmọ tó bá ń kọ́ bí a ti ń kọ ètò, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a tò lẹ́sẹẹsẹ fún kọ̀ǹpútà, kì í pẹ́ kó tó kọ èyí tó ń bi ènìyàn ní ìbéèrè. Kọ̀ǹpútà yóò ní: "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?" Ọmọ yóò tẹ 15. Kọ̀ǹpútà yóò ní: "Kí ni orúkọ rẹ?" Kí ọmọ tó gbé ọwọ́ sókè, kọ̀ǹpútà ti fo ìbéèrè náà kọjá, ó ti kọ "Ẹ káàbọ̀" láìsí orúkọ kankan níwájú rẹ̀. Ọmọ yóò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò láti òkè dé ilẹ̀, kò ní rí àṣìṣe. Yóò bi ẹni tó ń kọ́ ọ, onítọ̀hún yóò ní, "Fi ìlà kan kún un, yóò ṣiṣẹ́." Ó fi kún un, ó ṣiṣẹ́, kò mọ ìdí. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ lọ́nà mìíràn, ìlà àkọ́kọ́ kò wúlò mọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọ pé, "Orí mi kò gba kọ̀ǹpútà."

Orí ọmọ náà pé. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò sọ fún un: ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ kì í lọ tààrà sọ́dọ̀ ètò tó béèrè rẹ̀. Ó ní ibi tó ń dúró sí lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ ibi ìdúró yìí, tó mọ bí ó ti tóbi tó, tó sì mọ ìgbà tó ń jọ̀wọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tó dàbí àjẹ́ nínú kọ̀ǹpútà yóò di ohun tó yé e. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ.

ÌRÌN ÀJÒ LẸ́TÀ KAN

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí yóò tètè lóye rẹ̀. Lẹ́tà kì í ti ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀gá àgbà. Ibi tí a ń tọ́jú fáìlì ló ń kọ́kọ́ dé. Akọ̀wé ibẹ̀ yóò gbà á, yóò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, yóò fi í sínú fáìlì, fáìlì yóò sì dúró di ìgbà tí ọ̀gá bá béèrè fún un. Bí ẹni tó kọ lẹ́tà bá ní, "Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá," òótọ́ ló sọ. Bí ọ̀gá bá ní, "N kò rí lẹ́tà kankan," òótọ́ ni òun náà sọ. Lẹ́tà wà ní àárín.

Kọ̀ǹpútà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ibi ìdúró àárín yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní bọ́fà. Kì í ṣe ẹyọ kan. Ó kéré tán, mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá.

Èkíní wà nítòsí kíbọọ̀dù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀ jáde ní 1981, bọ́fà kíbọọ̀dù rẹ̀ lè gba ìtẹ̀ 15 péré. Bí ètò bá ń ṣe nǹkan mìíràn lọ́wọ́ tí ènìyàn sì ń tẹ̀ lọ, 15 yóò wọlé, ìkẹrìndínlógún yóò dún "píì", a ó sì dà á nù. Ẹ̀yin tí ẹ lo irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì yóò rántí ohùn náà. A rò pé ẹ̀rọ ń bínú. Ohun tó ń wí ni pé ilé ti kún.

Èkejì wà lọ́wọ́ ètò àgbà tó ń ṣàkóso gbogbo kọ̀ǹpútà, irú bíi Linux. Òun ló dàbí akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì. Ó ń kó lẹ́tà jọ títí yóò fi di odindi ìlà kan. Bí o bá tẹ "Táyé", tí o fi Backspace pa á rẹ́, tí o wá tẹ "Táíwò", ọ̀dọ̀ akọ̀wé yìí ni gbogbo àtúnṣe ti ń ṣẹlẹ̀. Ètò rẹ kò gbọ́ "Táyé" rárá. Ìgbà tí o bá tẹ Enter ni akọ̀wé tó di lẹ́tà, tó sì gbé e lọ.

Ẹ̀kẹta wà nínú ètò fúnra rẹ̀. Èdè tí a fi kọ ọ́ ní àpò tirẹ̀. Kì í bu ọ̀rọ̀ ní ṣíbí-ṣíbí lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ó máa ń bu kún igbá, lẹ́yìn náà ni yóò máa fún ọ lójú ìwọ̀n tí o béèrè. Ohun tí o kò bá béèrè wà nínú igbá náà, ó ń dúró.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà bá èyí mu: ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, kì í ṣe é kó mọ́. Kí o tó tẹ Enter, ẹyin wà lọ́wọ́ rẹ. Lẹ́yìn Enter, ó ti kúrò lọ́wọ́.

BÍ ÀṢÀ YÌÍ TI BẸ̀RẸ̀

Ní 1969 ni Ken Thompson bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, tí Dennis Ritchie sì bá a ṣe é, òun náà ló ṣe èdè C lẹ́yìn náà. Lóde òní, inú ìdílé Unix tàbí àwọn tó wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ ni púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ńlá àti fóònù ayé ti jáde. Nígbà náà, kò sí ojú gíláàsì níwájú wọn. Teletype ni wọ́n ń lò, ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí ìwé bíi táípúráítà. Ohun tó bá ti wà lórí ìwé kò ṣe é pa rẹ́. Nítorí náà, bí ọwọ́ bá ṣì tẹ lẹ́tà kan, wọ́n á tẹ àmì # lẹ́yìn rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò mọ̀ pé kí òun yọ lẹ́tà tó ṣáájú. Bí gbogbo ìlà bá bàjẹ́, wọ́n á tẹ @, kọ̀ǹpútà yóò da ìlà náà nù pátápátá.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Kí àtúnṣe tó lè ṣeé ṣe, ẹnìkan gbọ́dọ̀ di ìlà náà mú títí a ó fi sọ pé ó parí. Ìdí kejì tún wà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò. Bí a bá ní kí ètò máa jí dìde ní gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá tẹ lẹ́tà kan, kò ní rí iṣẹ́ ṣe. Ó sàn kí a kó ìlà jọ, kí a pè é lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe ìwà ìkà ni kí a dá ọ̀rọ̀ dúró. Àǹfààní ni wọ́n wá.

Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ ỌKỌ̀ FI Ń GBÉRA

Ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ ìlú yìí ṣàpèjúwe. Lẹ́yìn tí ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní Màídúgùrì ní 2011, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló gba ìgboro. Bí ènìyàn kan bá dá kẹ̀kẹ́ gbà, ìgbà tó bá jókòó náà ni kẹ̀kẹ́ gbéra. Kò sí ìdúró. Ọ̀nà kìíní nìyẹn: ìtẹ̀ kan, ìgbésẹ̀ kan.

Ọkọ̀ ilé ìwé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí olùkọ́ bá ti ilẹ̀kùn, tó ní "Ó yá", ni ó ń lọ, ì báà kún, ì báà má kún. Ọ̀nà kejì nìyẹn. Enter ni olùkọ́ tó ti ilẹ̀kùn.

Ọkọ̀ tó ń lọ Kánò láti gáréèjì ní tirẹ̀ kò mọ aago. Ìgbà tí èrò bá kún ló ń gbéra. Bí ó bá ku ẹnì kan, a ó jókòó. Ọ̀nà kẹta nìyẹn.

Èdè C ní gbogbo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí ètò bá ń kọ̀wé sójú kọ̀ǹpútà níwájú ènìyàn, ọkọ̀ ilé ìwé ló sábà máa ń lò, ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń gbé. Nígbà tó bá ń kọ̀wé sínú fáìlì, tàbí tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ètò mìíràn, ọkọ̀ Kánò ló ń wọ̀. Ìkìlọ̀ pé nǹkan bàjẹ́ nìkan ló ń gba kẹ̀kẹ́, kí ó má baà pẹ́ lọ́nà.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, ẹ fetí sí èyí. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò náà ti di ti kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ni ọmọ lè fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kẹ̀kẹ́ ni àwọn bọ́tìnnì wọ̀nyẹn. Bí o bá tẹ B, B ni a gbà lójú ẹsẹ̀, a kò dúró de Enter. Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ yóò máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò máa dúró de ohun tí kò ní wá, àkókò yóò sì máa lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nìkan.

ÌDÍWỌ́ MẸ́TA TÍ Ń LÉ ỌMỌ SẸ́YÌN

Èkíní ni kọ́mà inú BASIC. Bí ètò bá fi àṣẹ INPUT béèrè orúkọ nínú QBASIC, tí ọmọ sì tẹ "Adeyemi, Bisi", kọ̀ǹpútà yóò dáhùn pé "Redo from start", ìyẹn ni pé kí ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó fà á ni pé INPUT ń ka kọ́mà sí ààlà láàárín ìdáhùn méjì, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ló béèrè. Ìdáhùn di méjì, ilé sì jẹ́ ẹyọ kan. Oògùn rẹ̀ ni àṣẹ LINE INPUT, tó ń gba odindi ìlà bó ti rí, pẹ̀lú kọ́mà inú rẹ̀.

Èkejì ni Enter tó kù nílẹ̀ nínú èdè C. Èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí mo sọ níṣàájú. Ó tẹ 15, ó tẹ Enter. Àṣẹ scanf tó béèrè ọjọ́ orí mú 15, ó fi Enter sílẹ̀ nínú igbá. Nígbà tí ètò wá béèrè orúkọ pẹ̀lú àṣẹ fgets, fgets ní òfin tirẹ̀: kó gbogbo ohun tí o bá rí títí dé Enter. Ó wo inú igbá, Enter ni ohun àkọ́kọ́ tó rí. Ó gbà pé ìlà ti parí, ó kó òfìfo lọ. Kọ̀ǹpútà kò fo ìbéèrè. Ó ti rí ìdáhùn kí ó tó béèrè.

Àwọn kan yóò ní kí ọmọ kọ fflush(stdin) láti gbá igbá náà mọ́. Ẹ má gbà á. Ìlànà èdè C kò sọ ohun tí àṣẹ yẹn yóò ṣe níbẹ̀, nítorí náà ó lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan, kó kọ̀ lórí èkejì. Èyí tó dára jù ni kí ọmọ máa fi fgets gba odindi ìlà nígbà gbogbo, kí ó wá yọ nọ́ńbà jáde láti inú ìlà tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá ń kó odindi, kò sí ohun tí yóò ṣẹ́kù sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè tí kò jáde. Ètò béèrè pé, "Kí ni orúkọ rẹ?", ṣùgbọ́n ìbéèrè náà wọ ọkọ̀ Kánò, èrò kò tíì kún. Ọmọ ń wo ojú kọ̀ǹpútà, kò rí nǹkan, ó ń dúró. Kọ̀ǹpútà náà ń dúró de ìdáhùn. Àwọn méjèèjì dàbí ọmọlúàbí méjì lẹ́nu ọ̀nà tí ẹnì kìíní ń sọ pé, "Ẹ kọ́kọ́ wọlé," tí ẹnì kejì ń sọ pé, "Rárá, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ wọlé." Nínú C, fflush(stdout) ni àṣẹ tó ń sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ bó ti wù kó rí. Àṣẹ yìí bófin mu, ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ti ìṣáájú.

Èdè Python náà ti jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Python 2, bí ènìyàn bá fi àṣẹ for ka ìlà kọ̀ọ̀kan láti kíbọọ̀dù, ètò máa ń fi igbá ńlá bu ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ṣáájú. O lè tẹ ìlà mẹ́wàá kí ó má dáhùn ẹyọ kan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ń fi àṣẹ readline gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Python 3 tún un ṣe, àwọn tó ni èdè náà sì fi ọwọ́ rọ Python 2 sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2020. Síbẹ̀, ìwé àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ẹni tó bá ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kó kíyè sí ọdún tí a tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀YỌ́ NÍNÚ IGBÁ KÉKERÉ

Nísinsìnyí mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ wálé. Gbogbo igbá ló ní ìwọ̀n. Báìtì ni kọ̀ǹpútà fi ń wọn àyè. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan gba báìtì kan. Ẹni tó bá kọ "Oyo" láìsí àmì gba báìtì mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọ Ọ̀yọ́ bó ti tọ́ ní ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà òde òní ń gbà kọ ọ́. Lẹ́tà ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ gba báìtì mẹ́ta. Àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀ gba méjì mìíràn. Ó di márùn-ún. Lẹ́tà y gba ẹyọ kan. Ọ́ ìkẹyìn tún gba márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 11. Lẹ́tà mẹ́ta lójú wa, báìtì 11 lójú ẹ̀rọ.

Ká sọ pé ọmọ kan níbòmíràn kọ ètò tó ń béèrè ìlú ènìyàn, tó sì fún ìdáhùn ní igbá oníbáìtì 10. Lójú tirẹ̀, ó ti lawọ́. Àṣẹ fgets máa ń fi báìtì kan pamọ́ fún àmì òpin, nítorí náà 9 ni yóò gbà. Ẹ bá mi kà á: Ọ̀ jẹ́ 5, y jẹ́ 1, ọ láìsí àmì jẹ́ 3. Ó pé 9. Igbá kún. Àmì ohùn òkè ìkẹyìn kò ráyè wọlé, ó dúró síta pẹ̀lú Enter. Nígbà tí ètò bá béèrè ìbéèrè tó kàn, bóyá orúkọ bàbá rẹ, àmì ohùn tó ṣẹ́kù yẹn ni yóò wọlé gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Orúkọ ìlú di ìdajì, orúkọ bàbá di àmì kan tí kò ní lẹ́tà lábẹ́.

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó kọ ètò náà kò kórìíra wa. Kò ṣáà mọ̀ pé irú wa wà. Ẹni tó mọ̀ pé orúkọ wa gbà ju bó ti rí lójú lọ ni yóò ṣe igbá tó gbà wá, ta ni ìbá sì tètè mọ̀ ju ọmọ tiwa lọ? Bí àwọn ọmọ wa bá ń lo ohun tí ẹlòmíràn kọ nìkan, a ó máa gé orúkọ wa kúrú kó lè wọ inú igbá ẹlòmíràn. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé.

EWU TÓ WÀ NÍNÚ IGBÁ TÓ KÚN ÀKÚNWỌ́SÍLẸ̀

Àpẹẹrẹ ti òkè yẹn ṣì fara balẹ̀, nítorí fgets mọ ìwọ̀n igbá rẹ̀. Nínú èdè C àtijọ́, àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ gets. Òun kì í béèrè bí igbá ti tóbi tó. Ó ń dà á lọ ni títí yóò fi rí Enter. Bí igbá bá kún, ó ń dà á sórí ohun yòówù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá 1988, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Cornell, Robert Tappan Morris, tú ètò kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ayé ìgbà náà. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tó gbà wọlé ni gets yìí. Ètò kan tó ń jẹ́ fingerd ya igbá oníbáìtì 512 sọ́tọ̀ fún ìlà tí a bá fi ránṣẹ́ sí i. Ètò Morris rán 536 sí i. Báìtì 24 tó kún wọ́lẹ̀ yẹn ló gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Wọ́n fojú díwọ̀n kọ̀ǹpútà tó kó sí wàhálà náà sí bíi 6,000. Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn náà, ní 2011, ni wọ́n yọ gets kúrò nínú ìlànà èdè C pátápátá. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé ọmọ yín, ẹ ní kó fi fgets rọ́pò rẹ̀.

Ewu kejì sún mọ́ wa jù. Igbá inú kọ̀ǹpútà, iná mànàmáná ló gbé e dúró. Bí iná bá lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ní ìparí oṣù kìíní 2021, nígbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí ba òpó iná tó ń wá láti Damaturu jẹ́, gbogbo wa la mọ bí òkùnkùn ìlú yìí ti pẹ́ tó. Ohun tí a kò bá tíì fi pamọ́ sínú fáìlì kò tíì jẹ́ tiwa, bó tilẹ̀ wà lójú kọ̀ǹpútà tí a ń wò ó. Ẹni tó ń kọ̀wé kó máa fi pamọ́ lóòrèkóòrè.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ẸNI TÍ KÒ NÍ KỌ ÈTÒ LÁÉ

Ẹ̀yin ìyá wa yóò ní, "Kí ni eléyìí kàn wá sí?" Ó kàn yín nídìí owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí owó náírà tuntun di ọ̀wọ́n, fóònù ni gbogbo ayé fi ń ránwó. Nígbà tí ẹ bá tẹ kóòdù báńkì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìràwọ̀, inú fóònù yín ni gbogbo nọ́ńbà náà dúró sí títí tí ẹ ó fi tẹ bọ́tìnnì ìpè. Títí di ìgbà yẹn, ẹyin wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fara balẹ̀ ka nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, bí fóònù bá dákẹ́, ẹ má sọ pé kò lọ. Ó lè ti dé báńkì, kó jẹ́ pé ìdáhùn ni kò tíì padà dé. Ẹ rántí lẹ́tà àti ọ̀gá: àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́. Ẹni tó bá tún tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ lè san owó kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tó kù nínú àpò owó yín, kí ẹ tó tún un ṣe.

ÌMỌ̀RÀN

Mo ní ìmọ̀ràn márùn-ún, n kò ní pẹ́ lórí wọn.

1. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní kọ̀ǹpútà fo ìbéèrè òun, ẹ má ní ó ń ṣeré. Ẹ bi í pé, "Kí ló ṣẹ́kù nínú igbá?" Ìbéèrè yẹn nìkan lè ṣí ojú rẹ̀.

2. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má ṣe há ìlà sórí láìmọ ìdí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi nǹkan kún iṣẹ́ yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun tó ń ṣe.

3. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ń kọ́ èdè kọ̀ǹpútà kọ ètò oníbéèrè mẹ́ta: ọjọ́ orí, orúkọ pẹ̀lú àmì ohùn, àti ìlú. Kí ó tẹ orúkọ gígùn, kí ó tẹ kọ́mà, kí ó tẹ Enter lásán. Ètò tó bá la gbogbo rẹ̀ já ni ètò.

4. Ẹ̀yin ẹgbẹ́, mo bẹ̀ yín kí a ya kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ní ọjọ́ Sátidé, kí àwọn tó ti ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Màídúgùrì tàbí níbòmíràn máa bá wọn jókòó. Owó rẹ̀ kò tó ti aṣọ ẹbí kan.

5. Kí a máa fi Yorùbá ṣàlàyé fún wọn. Àwọn ọmọ tí a bí síbí gbọ́ Hausa àti Kànúrí, ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé èdè ilé wọn náà lè ru ìmọ̀ yìí. Ọmọ Yorùbá kan tilẹ̀ ti ṣe èdè kọ̀ǹpútà tó pè ní Yorlang, tí àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá.

ÌKÁDÌÍ

Alága, ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ní kí n má pẹ́. Láàárín ìka àti ètò, ibi ìdúró kan wà. Ó ní ìwọ̀n, ó sì ní ìgbà tó ń jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá mọ méjèèjì kò ní sọ mọ́ pé orí òun kò gba kọ̀ǹpútà, ọjọ́ kan yóò sì wà tí yóò kọ ètò tí Ọ̀yọ́ yóò wọ̀ tòun ti àmì ohùn rẹ̀.

Kí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ wa ní òye, kí ó jẹ́ kí àlàáfíà jọba ní ìpínlẹ̀ Bọ́nò, kí ó sì tún jẹ́ kí a pàdé ní èèmọ́dún pẹ̀lú ayọ̀.